Ìpàdé Tí Wọn Kò Pe Alága Sí

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, àwọn oníṣẹ́ abẹ dá ihò kékeré kan sí ikùn ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ti rọ́bà tín-ín-rín gba ibẹ̀ wọ inú àpòlúkù rẹ̀. Káàdì ilé ìwòsàn sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ náà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọ nìkan ló ń jiyàn pé Ọjọ́rú ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló jẹ́rìí pé bàbá ọmọ fi ọjọ́ méjèèjì sùn lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, tó ń hanrun.

Plọ́mbà ni bàbá yìí, òun sì ni ìtàn yìí dá lé. Ládùúgbò rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kò-Jò-Mọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí bó bá ti parí iṣẹ́ nílé ènìyàn, yóò nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, yóò fi ẹ̀yìn ìka kan páìpù náà gbọ̀ngbọ̀n, yóò sì kéde fún gbogbo ilé pé, "Kò jò mọ́!" Nígbà míì, òótọ́ ni.

Ó ga, ó gbẹ, apá rẹ̀ sì gùn débi pé ó lè na ọwọ́ dé ẹ̀yìn àgbá omi láì kúnlẹ̀. Ó ní àpò irinṣẹ́ tí okùn rẹ̀ ti já tó sì ti fi wáyà so, ó sì ní ìgbàgbọ́ kan tó lágbára ju okùn náà lọ: gbogbo ohun tó bá ń ṣàn, òfin kan náà ló ń tẹ̀ lé. Bó bá lọ́ra, ó ti ń dí nìyẹn. Bó bá ti ń dí, kí a fi agbára kún un. "Tì í, á lọ," ni ó máa ń wí fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó lọ lóòótọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé. Ní ilé méjì tí mo mọ̀, páìpù ló lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ohun tó yẹ kó wọ ikùn a máa ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, débi pé omi ṣíbí kan lè di ikọ́ tí yóò gbé odindi ilé lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́bà gba imú rẹ̀. Ọmọ náà ń fà á yọ, àwọn nọ́ọ̀sì ń dá a padà, títí ó fi di ìdíje láàárín wọn, tí ọmọ náà sì ń borí. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà náà kúkú gba ikùn.

Kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò nílé jókòó ti bàbá àti ìyá, ó kọ́ wọn ní ohun gbogbo. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ihò, kí ẹ nù ún gbẹ. Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó gbọnrangandan bó bá ń jẹun, kó sì pẹ́ díẹ̀ lórí ìjókòó lẹ́yìn tó bá jẹ tán. Ẹ da mílíìkì sínú sírínjì ńlá yìí, ẹ gbé e sókè, kó máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi omi ṣan rọ́bà náà níkẹyìn.

Ìyá ọmọ, tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan, béèrè ìbéèrè títí nọ́ọ̀sì fi wá àga tó dáa jókòó lé. Bàbá ọmọ kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó yé yín?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé páìpù kọ́ ni?"

"Rọ́bà ni, sà."

"Páìpù náà ni. Ìdí ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kò fọkàn balẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń gbé ọmọ náà jáde, ó wo ẹ̀yìn, ó wo bẹ́ẹ̀dì tó ti lò tó bẹ́ẹ̀ tó fi mọ ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára irin rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé a ó tún padà wá síbí?"

"Láéláé!" ni Kò-Jò-Mọ́ dáhùn, tí gbogbo wọ́ọ̀dù sì gbọ́. "A ò tún padà síbí mọ́. Èmi bàbá ẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó jẹ́ ìlérí tí dókítà kankan kò bá a dá sí.

Nílé, bàbá wá àga onígi kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, tí apá rẹ̀ gbòòrò, èyí tí oníbàárà kan fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń kó lọ sílé míì. Wọ́n to ìrọ̀rí sí i. Ọmọ náà jókòó, ó gbé ọwọ́ lé apá àga méjèèjì, ó sì wo gbogbo wọn yíká bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìjókòó. Màmá àgbà, ìyá bàbá ọmọ, tó ti kó ẹrù wá láti bá wọn tọ́jú ọmọ, pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo alága ìjọba! Alága, a kí yín o!" Láti ọjọ́ náà, Alága ló ń jẹ́.

Ojúlé dé ojúlé ni àwọn aládùúgbò ti wá kí i. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọn a sọ ojú kalẹ̀, wọn a wo rọ́bà náà, wọn a gbé ọwọ́ lé àyà. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Áà, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ púpọ̀." Obìnrin kan sọ pẹ̀lẹ́ títí Alága fi yí ọrùn wo ẹ̀yìn àga, bóyá ẹlòmíì wà níbẹ̀ tí nǹkan ń ṣe. Nǹkan kan kò ṣe òun nígbà náà. Ojú ihò ń jinná, kò pọ́n, kò wú. Ó ti gba téèpù funfun tí bàbá rẹ̀ fi ń wé ẹnu páìpù, ó ti fi lẹ okùn kan mọ́ ikùn bèbí tó fi ń ṣeré, ó sì ń fún bèbí náà lóúnjẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nígbà tó bá wù ú. Àwọn tó wá kẹ́dùn wo bèbí náà, wọ́n tún sọ pẹ̀lẹ́ fún òun náà.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi oúnjẹ àwọn àgbà. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìyá ọmọ gbé ìrẹsì kalẹ̀ ní pálọ̀, Kò-Jò-Mọ́ gbójú sókè, ó ní, "Ẹ wá jẹun o," bí ọmọ tí a kọ́ nílé ti máa ń wí, nítorí ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í fi oúnjẹ kan ẹnu láì pe ẹni tó bá wà níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni Alága. Alága na ọwọ́.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò ṣe sí ọwọ́ náà. Ìyá ọmọ bú sẹ́kún, ó sá wọlé. Màmá àgbà gbé ọmọrí dé ìrẹsì náà bí ẹni da aṣọ bo òkú.

"Ó tán," ló wí. "Nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun lójú ọmọ yìí mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Báyìí ni òfin ṣe jáde. Kò sì dúró lórí jíjẹ nìkan. Wọ́n fi òfin de ọ̀rọ̀ náà gan-an. "Ebi" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu. "Ọbẹ̀" di ohun ìkọ̀kọ̀. Màmá àgbà ló rí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi dípò: ìpàdé. Ẹni tí ebi bá ń pa yóò dìde, yóò tún aṣọ ṣe, yóò ní, "Mò ń bọ̀ o, mo ní ìpàdé kan."

Ìpàdé Màmá àgbà ń wáyé nínú ilé ìwẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn ibẹ̀ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Ti Kò-Jò-Mọ́ ń wáyé nínú ahéré tó ń kó irinṣẹ́ sí lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń jókòó lórí rọ́bà omi tó ká jọ, àwo lórí orúnkún, tó ń gbé oúnjẹ mì láì jẹ ẹ́ kúnná bí ẹni tó jí i. Ìyá ọmọ ń ṣe tirẹ̀ lóòró, láàárín aṣọ àwọn oníbàárà tó fi kọ́, títí ọ̀gá rẹ̀ fi ń béèrè bí àmì ọbẹ̀ ṣe dé ara ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Àgbàlagbà mẹ́ta tí kò jí ohun ẹnikẹ́ni wá di olè nínú ilé ara wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ṣe òmùgọ̀. Alága rí i pé ẹni tó bá lọ sí ìpàdé pẹ̀lú ìbínú a máa padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín, tí ètè rẹ̀ á sì máa dán.

"Màmá àgbà, kí ni wọ́n sọ ní ìpàdé?"

"Wọ́n ní kí ara ẹ yá kíákíá, ọmọ mi."

"Àwọn wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn... àwọn àgbà."

"Ṣé èmi náà lè wá lọ́la?"

"O ò tíì tó ọmọ tí í lọ sí ìpàdé."

"Ṣebí èmi ni Alága."

Màmá àgbà tún ìró ṣe, ló bá tún lọ sí ìpàdé.

Nítorí pé ìyá ọmọ ń tètè jáde lọ síbi iṣẹ́, tí nọ́ọ̀sì kò sì kọ́ Màmá àgbà, Kò-Jò-Mọ́ ló ń fún Alága lóúnjẹ ọ̀sán. Àárín iṣẹ́ méjì ló máa ń sáré wálé. Ebi á ti pa á dé ojú. Oúnjẹ tirẹ̀ á ti wà nínú ahéré, tí yóò máa tutù lọ, ṣùgbọ́n òfin Màmá àgbà ní ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yó. Ó da mílíìkì sínú sírínjì, ó gbé e sókè bí nọ́ọ̀sì ti wí, ó sì dúró. Mílíìkì náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò-Jò-Mọ́ wo mílíìkì, ó wo ọ̀nà ahéré. Ó gbé ọ̀pá ìtì sírínjì, ó sì fi bọ inú rẹ̀.

"Tì í, á lọ."

Ó lọ. Gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí bàbá tó dé ẹnu ọ̀nà ahéré, ojú Alága ti yí padà. Ó bì, ó bì, ó tún bì. Kò-Jò-Mọ́ sáré padà, ó gbé e, ó sì gba èyí tó kù sára ẹ̀wù. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí nǹkan jò nílé oníbàárà dúró láàárín pálọ̀, ara rẹ̀ ń kán tó-tó.

Ó yẹ ohun gbogbo wò bí akọṣẹ́mọṣẹ́, ó sì dájọ́. "Ó ti dí."

Ó fi omi tì í. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Ẹ̀bi dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí hàn sí i. Ó ní páìpù tí wọ́n lò ti kéré jù. Nígbà tí mo béèrè bí èyí tó yẹ kí wọ́n lò ṣe tóbi tó, ó tú àpò rẹ̀, ó fa rọ́bà kan yọ, èyí tí wọ́n fi ń gbé omi wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ní, "Èmi ì bá fi èyí ṣe é, ká sinmi." Màmá àgbà ní tirẹ̀ sọ pé ẹnu ọmọ ló ń bínú pé wọn kò fún òun níṣẹ́. Aládùúgbò kan ní atẹ́gùn ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa àtàǹpàkò Kò-Jò-Mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé Alága lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé e lé ìwọ̀n, ó wò ó, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e lé e.

"Ó fúyẹ́ ju bó ṣe kúrò níbí lọ. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé?"

"Kò sí nǹkan kan," ni bàbá, ìyá àti Màmá àgbà dáhùn pa pọ̀, bí ẹgbẹ́ akọrin.

"Màá wá wò yín nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, bó bá ṣì ń jò báyìí, a ó dá a padà sí wọ́ọ̀dù. Mi ò lè jẹ́ kó máa gbẹ lójú mi."

Alága gbójú sókè láti orí ìwọ̀n. "Bàbá, ẹ ní a ò ní padà síbí mọ́."

Kò-Jò-Mọ́, tó ní èsì fún gbogbo nǹkan tó ń jò, ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àníyàn kì í kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n tuntun. Ó kàn máa ń mú un ṣe èyí tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì ni. Ọmọ ń fúyẹ́ sí i, nítorí náà kí a fi mílíìkì kún un. Mílíìkì pọ̀ sí i, nítorí náà kí a tì í kíákíá. Ẹ̀wù Kò-Jò-Mọ́ kò gbẹ mọ́ lórí okùn.

Nọ́ọ̀sì dé ní ọ̀sán ọjọ́ tó dá. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó fọ ọwọ́. Ìyá ọmọ ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀wù Alága sókè, ó wo ojú ihò yíká, ó ní, "Ó jinná dáadáa. Ẹni tó ń fọ ibí yìí mọ́ tónítóní." Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọ náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọ̀ ọ́ rí.

"Ó dáa. Ẹ fún un lóúnjẹ bí ẹ ṣe máa ń fún un. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí."

Kò-Jò-Mọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó da mílíìkì sí i, ó ki ọ̀pá ìtì bọ̀ ọ́, ó ti ẹsẹ̀ kan síwájú, ó sì gbé àtàǹpàkò lé e bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró!" Nọ́ọ̀sì ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi."

"Kí wá ni gbogbo eré yìí?"

"Ó ń lọ́ra ni. Páìpù tó bá sì ti ń lọ́ra..."

"Bàbá fẹ́ lọ sí ìpàdé ni," Alága dá sí i láti orí àga.

"Ìpàdé wo?"

"Èyí tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ti bàbá wà ní ilé páìpù. Ti màmá mi wà níbi iṣẹ́. Ti Màmá àgbà wà ní ilé ìwẹ̀." Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀. "Wọn kì í pè mí."

Nọ́ọ̀sì wo bàbá, ó wo ìyá. Ìyá ń wo àjà. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọrí ìkòkò kan já bọ́ nínú ilé ìwẹ̀, tó yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ńtì, tó sì pẹ́ kó tó rí ibi dùbúlẹ̀ sí. Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá àgbà yọjú, ó ń fi etí ìró nu ẹnu.

"Màmá, ẹ kú ìpàdé o," nọ́ọ̀sì kí i.

"Ẹ ṣé, ọmọ mi. A ti túká."

Ìyá ọmọ ló jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, ó jókòó lórí apá àga.

"Ẹ̀yin mẹ́ta yìí ń sá fún ọmọ ọdún mẹ́rin nítorí ìrẹsì?"

"Àánú ẹ̀ ló ń ṣe wá," ni Màmá àgbà wí, ó le ojú. "Ṣé ká máa jẹun lójú ọmọ tí kò lè jẹun ni? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ojú kì í tì yín."

"Màmá, ta ló ní kò lè jẹun? Kí ni ọmọ yín gbé dání yìí?"

"Mílíìkì ni."

"Ṣé wọ́n fi ń kun ilé ni? Oúnjẹ ni, Màmá. Ọ̀nà tó ń gbà ló yàtọ̀." Ó yíjú sí gbogbo wọn. "Ọmọ yìí ń jókòó lóun nìkan. Kò rí ẹni tó ń jẹun, kò gbọ́ òórùn nǹkan kan, gbogbo yín lẹ sá, lójijì ni nǹkan ya wọ ikùn ẹ̀ bí adigunjalè. Ẹ̀yin náà á bì. Ẹ jẹ́ kó jókòó láàárín yín. Kí oúnjẹ yín máa lọ, kí tiẹ̀ náà máa lọ. Ikùn ẹ̀ á mọ̀ pé àkókò oúnjẹ ti tó." Ó wá nàka sí Màmá àgbà. "Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò gbọdọ̀ gba ẹnu ẹ̀ o, títí dókítà á fi sọ. Màmá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀."

"Mi ò wò yín," ni Màmá àgbà wí, ó ń wò ó.

Kò-Jò-Mọ́ ṣì di ọ̀pá ìtì mú. "Bí mi ò bá tì í, nọ́ọ̀sì, báwo ló ṣe fẹ́ lọ?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Bàbá Alága, ìyá oníbúrẹ́dì tó fẹ́ ra páńpù lọ́jọ́sí, kí lẹ sọ fún un?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀."

"Kí lẹ sọ?"

Ó fọ ọ̀fun. "Mo ní kó má wulẹ̀ ra páńpù. Kó gbé táńkì ẹ̀ sókè. Bí táńkì bá ti ga tó, omi á mọ ọ̀nà ara ẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Kò-Jò-Mọ́ fa ọ̀pá ìtì yọ, ó sọ ọ́ sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì na apá gígùn rẹ̀ sókè. Mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró títí ó fi tán, ó sì gbé Alága lé ìwọ̀n tó gbé wá.

"Kò lọ sókè. Ó tún lọ sílẹ̀ díẹ̀." Ó ń di àpò rẹ̀. "Ó yẹ kí n mú un lọ lónìí. Mo fún yín di ìgbà tí mo bá padà wá. Ìwọ̀n yìí ló máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin kọ́, èmi kọ́."

Oúnjẹ àjùmọ̀jẹ àkọ́kọ́ le ju ìdánwò lọ. Wọ́n fa àga Alága sí ìdí tábìlì. Màmá àgbà di ojú kó tó fi nǹkan kan ẹnu, bí ẹni tó ń mu àgbo. Ìyá ń jẹun bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Kò-Jò-Mọ́ gbé sírínjì sókè lọ́wọ́ òsì, ó ń fi ọ̀tún jẹun, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mílíìkì ti wọ inú ilé náà, kò sí ibi tó fẹ́ sáré lọ. Oúnjẹ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Bó bá tutù, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni. Alága ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ ojú mọ́ ẹnu wọn bí ọmọ tó ń wo awakọ̀ tuntun.

"Ìpàdé náà nìyí?" ló béèrè.

"Òun ni," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Kò bì lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó bì díẹ̀; wọ́n rí i pé Màmá àgbà ló ti tẹ́ ẹ sùn kó tó yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò bì mọ́. Ẹ̀wù Kò-Jò-Mọ́ gbẹ. Ọ̀rọ̀ padà sínú ilé. Wọ́n ń pe ebi ní ebi, wọ́n ń pe ọbẹ̀ ní ọbẹ̀, Alága sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó pè wọ́n wá jẹun lóhùn. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ní, "Ẹ wá jẹun o," òun náà a gbé ọwọ́ lé apá àga, a ní, "Á gba ibi ire," a sì nàka sí ikùn ara rẹ̀ láti fi ibi ire náà hàn án.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì padà wá, Kò-Jò-Mọ́ kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó sórí àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú kókó wáyà rẹ̀, ó ń tún un so. Nọ́ọ̀sì gbé Alága lé ìwọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ náà, ó tún wò ó.

"Ó ti kọjá ibi tó wà nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa," ló wí. "Kò sí wọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kó jókòó sílé rẹ̀."

Ìyá ọmọ kúnlẹ̀ di ọmọ rẹ̀ mú. Bàbá dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fi ẹ̀yìn ìka kan apá àga gbọ̀ngbọ̀n, ó sì la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ má sọ ọ́." Ó pa ẹnu dé.

Mo wádìí ẹni tó ni ọpẹ́. Kò-Jò-Mọ́ sọ fún mi pé ìmọ̀ táńkì òun ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Màmá àgbà ní àdúrà òun ni, pàápàá àwọn tí òun gbà nínú ilé ìwẹ̀. Aládùúgbò tó ní atẹ́gùn ni, ó ní atẹ́gùn náà ti kọjá lọ. Nọ́ọ̀sì kàn ń wo aago. Ó ní ilé mìíràn láti lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n se ẹran láti fi yọ̀. Ẹran náà le. Gbogbo wọn yí tábìlì ká, Alága láàárín, ìyá rẹ̀ gbé sírínjì dání, mílíìkì ń sọ̀ kalẹ̀ láì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Inú Kò-Jò-Mọ́ dùn ju kó jẹun jẹ́jẹ́ lọ. Ó fi eyín fa ẹran, ó fà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì kún un, ó bù ú tóbi, ó sì fẹ́ gbé e mì bó ṣe rí. Kò lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ kan gbá a lẹ́yìn, Màmá àgbà ń pariwo pé kó mu omi, omi dà sórí ìrẹsì, omijé ń bọ́ lójú ọkùnrin náà, kí ẹran tó gbọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó fara ti ẹ̀yìn àga, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó.

Mílíìkì ti tán nínú sírínjì. Alága, tó ti yó, jókòó gbọnrangandan bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó wo bàbá rẹ̀ láti orí dé àyà, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà tirẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, Bàbá," ló wí. "Ẹ̀yin ò ní páìpù."